Òkúta Ilé Bàbá Àgbà Nínú Dẹ́kìn Wa

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Kejì ọdún 1991, nígbà tí mo ṣí ìdérí dúrọ́ọ̀mù omi àkọ́kọ́ tí mo sì rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ṣí ìkejì, mo rí ìsàlẹ̀ òun náà. Nínú ìkẹta, omi tó kù kò ju èyí tí èèyàn lè fi bọ́jú lọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìdérí lọ́wọ́, mo ń gbọ́ bí ìrẹsì ṣe ń hó lórí iná lẹ́yìn mi.

Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí lára mi, nítorí kò sẹ́ni tó bi mí lọ́jọ́ náà. Àyà mi kọ́kọ́ já. Lẹ́yìn náà inú bí mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú wá ń tì mí pé inú ń bí mi sí àwọn àgbà obìnrin tó ti jí nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, kí wọ́n lè dáná fún àwọn tó ń bọ̀ wá bá wa ṣiṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ wá dà pọ̀, n kò sì mọ èyí tó yẹ kí n fi hàn nínú wọn. Mo kàn béèrè pé:

"Àǹtí, ta ló lo omi yìí?"

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mo bi. Àǹtí Ìpọ̀nrí ni gbogbo ilé ń pè é, torí pé Ìpọ̀nrí ló ń gbé. Láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé ló ti wá sùn lọ́dọ̀ wa ní Mushin nítorí oúnjẹ yìí. Ó gbójú sókè nídìí ìkòkò.

"Àwa ni. A fi se ìrẹsì, a fi fọ ẹran, a fi fọ abọ́. Kí ló dé?"

"Omi òkúta ni, Àǹtí."

"Omi kí ni?"

"Omi tí mo fẹ́ dà sórí òkúta."

Ó wò mí, ó wo màmá mi, ó tún wò mí. "Ẹ gbà mí o! Òùngbẹ ń gbẹ òkúta ni? Ìyá Ẹnjiníà, wá gbọ́ ohun tọ́mọ ẹ ń sọ!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Màmá mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu ẹnu nígbà tó rí ojú mi. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé òótọ́ ni Àǹtí sọ láìmọ̀. Òùngbẹ ń gbẹ òkúta náà. Gbogbo ohun tí mo fi ọdún kan kọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kó má baà dà bíi pé mo kàn ń pariwo lórí omi.

Iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti ọ̀nà ṣíṣe ni mo kà jáde. Ní ọdún tí mo fẹ́ parí, iṣẹ́ ìwádìí mi dá lórí kankéré tí a fi àfọ́kù kankéré àtijọ́ ṣe. Nígbà tí mo parí sísin ìlú gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, mo padà wálé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kiri ọ́fíìsì ní Yaba àti Surulere. "A ó ránṣẹ́ sí ẹ" ni wọ́n ń sọ fún mi. Ibì kan wà tí wọ́n bi mí bóyá mo mọ táípù tẹ̀. Mo máa ń wálé ní ọ̀sán gangan, màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, màá sì máa wò ó bó ṣe ń tú ẹ̀rọ fíríìjì palẹ̀. Alátùn-únṣe fíríìjì ni bàbá mi. Èyí tí àwọn èèyàn ti gbé sẹ́yìnkùlé tí adìẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀, yóò gbé e wá, yóò sì mú kó tún máa mú omi dì.

Ìgbà yẹn gan-an ló pinnu láti wó iwájú ilé tí bàbá tirẹ̀ kọ́, kó sì fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rọ́pò rẹ̀. Àwa wà nínú àwọn yàrá tó wà lẹ́yìn. Àwọn òpó àtijọ́, ilẹ̀ pálọ̀ àtijọ́, àtẹ̀gùn àtijọ́ tí bàbá àgbà máa ń jókòó lé, gbogbo wọn di òkìtì sí àgbàlá. Ọ̀gá bíríkìlà tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní kí a fi dí kòtò òpópónà. Mo ní rárá, mo ní a lè fi wọ́n kọ́lé.

"Ṣé ó tún lè ṣiṣẹ́?" Bàbá mi ló béèrè. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó béèrè bó ṣe máa ń bi oníbàárà léèrè nípa fíríìjì.

"Ó lè ṣiṣẹ́, Bàámi, tí a bá tọ́jú ẹ̀."

"Kí ni ìtọ́jú ẹ̀?"

Mo sọ ọ́ fún un. Tí a bá fọ́ kankéré àtijọ́, òkúta inú rẹ̀ kì í jáde ní mímọ́. Sìmẹ́ńtì àtijọ́ á ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára, bí ẹran ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ eegun. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn yìí kún fún ihò wínníwínní, ó sì máa ń fa omi. Tí a bá pò ó ní gbígbẹ, yóò mu omi tó yẹ kí sìmẹ́ńtì tuntun lò, kankéré náà á sì gan kó tó dé ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ á bu omi sí i kó lè rọ̀, wọ́n á tún bu òmíràn, omi àbùjù yìí ló sì ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n tí òkúta bá ti mu omi yó láti àná, kò ní bá sìmẹ́ńtì du omi mọ́. Mo tún sọ fún un pé kódà tí a bá ṣe gbogbo rẹ̀ dáadáa, yóò tẹ̀ ju kankéré gíráníìtì lásán lọ díẹ̀, torí náà a ó po gíráníìtì tuntun mọ́ ọn, a ó jẹ́ kí dẹ́kìn, ìyẹn kankéré pẹrẹsẹ tí yàrá òkè máa dúró lé, nípọn sí i, a ó sì to irin rẹ̀ súnmọ́ra.

Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Fíríìjì tí wọ́n jù nù ni mo fi rán ẹ níléèwé. Kí ló dé tí òkúta bàbá mi ò ní ṣiṣẹ́?"

N kò lè ṣàpèjúwe ayọ̀ mi. Láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba nǹkan tí mo mọ̀ lọ́wọ́ mi tó sì fẹ́ lò ó. Ẹ̀rù sì bà mí pẹ̀lú, torí pé yàrá tirẹ̀ ló fẹ́ kọ́ sórí dẹ́kìn náà.

Òkìtì òkúta méjì ni a fọ́ tí a sì sẹ́. Ní ọjọ́ Fúráìdé mo fi omi rin òkìtì àkọ́kọ́ gbingbin, mo fi àpò bò ó. Omi ẹ̀rọ kò yọ ládùúgbò láti ọjọ́ mélòó kan, omi táńkà tí a rà sì ti fẹ́ẹ̀ tán. Mo fi dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri fún òkìtì kejì, tí màá dà lé e lórí ní ìdájí, kí ó lè fi àárọ̀ mu ún. Àmọ́ Sátidé sànítéṣọ̀n ni, ọjọ́ tí ìjọba ní kí gbogbo ìlú tún àyíká ṣe. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn títí di aago mẹ́wàá, gbogbo èèyàn sì gbọ́dọ̀ wà níwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Kí n tó dé ìdí dúrọ́ọ̀mù ni bàbá mi ti pè mí. Iyanrìn wa ti ya sínú gọ́tà, àwọn wolé-wolé sì ti wà ní ìkóríta. Mo kó iyanrìn títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Nígbà tí mo fi wọlé, omi ti di ìrẹsì.

Aago mẹ́wàá lù, òpópónà ṣí, ọ̀gá bíríkìlà dé pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìròyìn ti kàn án ní ẹnu géètì.

"Àǹtí Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o! Mo gbọ́ pé òkúta ò tíì mu ọmú láàárọ̀ yìí."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ ká ra omi lọ́wọ́ àwọn mẹ́rúwà báyìí, ká dà á lé e lórí, ká wá bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

"Ọ̀la kẹ̀? Ọ̀la Sọ́ńdè, ìdajì àwọn ọmọ yìí ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́ńdè, a ti gba iṣẹ́ ní Ijora." Ó fa imú sínú òórùn ọbẹ̀. "Àti pé, Àǹtí, ìrẹsì ti jinná."

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pariwo ẹ̀rín. Mo mọ̀ pé mo ti pàdánù níbẹ̀ yẹn. Ní àdúgbò wa, tí wọ́n bá ti dáná dẹ́kìn, ọjọ́ dẹ́kìn ti pé nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í dá àwọn òṣìṣẹ́ padà pẹ̀lú ìkòkò lórí iná. Àwọn aládùúgbò á ní onílé ti ba ojú ara rẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n bá a yọ̀. Mo wo bàbá mi. Ó wo ìkòkò, ó wo àwọn ọkùnrin tó ti ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó wá wò mí.

"Ẹnjiníà mi, ìdajì kan ti rin, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi. Ṣùgbọ́n..."

"Jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó dé orí ìkejì, òun náà á ti mu díẹ̀."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láti apá ẹ̀yìn. Kankéré àkọ́kọ́ jáde dáadáa, ó rọ̀, ó sì dúró. Mo ń sáré láàárín mẹ́rúwà àti òkìtì kejì pẹ̀lú bákẹ́ẹ̀tì, mo ń da omi lé e, omi náà ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ lọ kí òkúta tó rí i mu. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń kọrin, páànù kankéré ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ lọ sókè. Òòrùn kò tíì dé àárín orí nígbà tí wọ́n fi ṣọ́bìrì kan òkìtì kejì.

Bó ṣe wà nínú ìwé ló ṣe rí. Kankéré gan kó tó dókè. Ẹni tó ń tẹ́ ẹ lórí pákó ké pé, "Ó ti le o!" Ọ̀gá ní, "Omi!"

"Ọ̀gá, ẹ má bu omi sí i mọ́!"

"Àǹtí, ẹ gun òkè wá, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ yín tẹ́ ẹ."

Kò purọ́. Kò ṣeé tẹ́. Irin tí a tò súnmọ́ra kò jẹ́ kó ráyè wọlé. Ó bu omi sí i, ó tún bù ú, n kò sì ní ohun tí mo lè fi dá a dúró ju ohùn mi lọ. Mo rọ díẹ̀ nínú kankéré ti òkìtì àkọ́kọ́ àti ti òkìtì kejì sínú àwọn àpótí igi kéékèèké tí mo ti kàn sílẹ̀, kí n lè mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ fọ́, láti mọ agbára tó ní. Lẹ́yìn náà mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àǹtí Ìpọ̀nrí gbé ìrẹsì wá fún mi, ẹran méjì ló fi lé e. Mo jẹ ẹ́. Bí mo bá sọ pé ìrẹsì náà korò lẹ́nu mi, àsọdùn ni. Ó dùn. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn igi ọparun tó gbé dẹ́kìn dúró pẹ́ sí i ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ. Wọ́n gbà. Ìgbà tí òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tú wọn. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo sì gun òkè lẹ́yìn rẹ̀. Apá ẹ̀yìn ti gbẹ, ó tẹ́jú bí àwo. Ní apá iwájú, lókè pálọ̀ tuntun gan-an, omi dúró ní àárín bí ìgbà tí wọ́n bu omi sínú abọ́ pẹlẹbẹ. Mo sọ̀kalẹ̀, mo gbójú sókè nínú pálọ̀. Ó ti là ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́, tó fi jẹ́ pé ó gba kí èèyàn súnmọ́ ọn kó tó rí i.

Ọ̀gá bíríkìlà wá wò ó. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹn sì wá dẹ́rù bà mí ju ẹ̀rín rẹ̀ lọ. "Ká fọ́ ọ. Gbogbo ẹ̀. Ká fi gíráníìtì ṣe é bí aráyé ṣe ń ṣe é."

"Ọ̀gá, ẹ wo apá ẹ̀yìn. Òkúta kan náà ni."

"Ilé kan ni, Àǹtí. Kì í ṣe méjì."

Mo gbìyànjú láti sọ fún un pé títẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú wíwó. Irú kankéré yìí máa ń tẹ̀, ó sì lè tẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ó sì ṣì gbé ohun tí wọ́n gbé lé e. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ ohùn ara mi, ó dà bí ohùn ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni mò ń sọ nípa dẹ́kìn yìí, àbí nítorí pé iṣẹ́ mi ni ni mo ṣe ń gbèjà rẹ̀.

Àwọn kankéré inú àpótí ló yẹ kó dá mi lóhùn. Mo gbé wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti jáde. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, kí n padà wá. Nígbà tí mo padà lọ, wọ́n ti ti ilé ẹ̀kọ́ pa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó ẹrù wọn jáde ní ẹnu ọ̀nà. Mo bẹ ọ́fíìsì kan ní Iganmu. Wọ́n bi mí pé iléeṣẹ́ wo ló rán mi, mo ní èmi ni mo rán ara mi, wọ́n sì ní kí n máa lọ sílé. Àwọn kankéré náà ṣì wà nínú omi tí mo fi ń tọ́jú wọn títí di ìsinsìnyí, nínú ọ̀kan lára àwọn dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta yẹn. Mo ti ṣe ìṣirò mi lọ lẹ́yìn, mo ti ṣe é bọ̀ níwájú. Orí agbára kankéré náà ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, èmi kò sì mọ agbára náà.

Àǹtí Ìpọ̀nrí ṣì máa ń wá. Kì í wọ pálọ̀ mọ́. Ó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ bá mi gbé abọ́ jáde o, mi ò wọlé." Ní ọjọ́ kan ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Jọ̀ọ́, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé torí ìrẹsì yẹn ni?"

Ojú rẹ̀ kò ní àwàdà kankan. Mo ní, "Rárá, Àǹtí. Nǹkan pọ̀ níbẹ̀." Nǹkan pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́: sànítéṣọ̀n wà níbẹ̀, omi ẹ̀rọ tí kò yọ wà níbẹ̀, ìkánjú wa wà níbẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì jọ pé ó gbà mí gbọ́.

Ọ̀gá bíríkìlà ti ri igi ọparun kan sáàárín pálọ̀, sábẹ́ ibi tó tẹ̀ náà, títí a ó fi pinnu. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì bàbá mi yọ ọ́. Ó gbé àga rẹ̀ sí ojú ibẹ̀ gan-an, ó gbé ẹ̀rọ fíríìjì kan sórí itan, ó sì ń tú u palẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ló ń jókòó sí tó bá ti ṣọ́ọ̀bù dé.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún àga yín."

"Ṣé ó máa já ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Ìwọ lo sọ pé ó máa ṣiṣẹ́."

"Mo ní tí a bá tọ́jú ẹ̀, Bàámi."

Ó gbójú kúrò lára ẹ̀rọ, ó wò mí. "A ò tọ́jú ẹ̀ ni?"

Tí mo bá ní a kò tọ́jú ẹ̀, òun tó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni mò ń bá wí, àti Àǹtí, àti gbogbo àwọn obìnrin tó dáná fún wa. Tí mo bá ní a tọ́jú ẹ̀, yóò kọ́ yàrá rẹ̀ sórí rẹ̀, yóò sì sùn síbẹ̀. Mo mọ ìdí tó fi ń jókòó síbẹ̀. Ó fẹ́ kí màmá mi, àwọn aládùúgbò àti ọ̀gá bíríkìlà rí i pé òun gba ọmọ òun gbọ́. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń dẹ́rù bà mí débi pé mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà kí n máa ka ìlà tó wà lókè orí rẹ̀, bóyá ó ti gùn sí i.

Búlọ́ọ̀kù ti wà nílẹ̀ fún àwọn yàrá òkè. Ọ̀gá bíríkìlà ní tí òjò bá ti rọlẹ̀, òun fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, bóyá ká fọ́ apá iwájú ni tàbí ká máa kọ́lé lọ. Èmi ronú pé a lè gbé òpó kankéré kan sáàárín pálọ̀ títí láé, ṣùgbọ́n bàbá mi yóò mọ ohun tí òpó náà ń sọ, kò sì ní jẹ́ kí n kọ́ ọ. A tún lè fi páànù bo orí dẹ́kìn náà ká má gbé nǹkan kan lé e, kí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá mi ti ń lá àlá rẹ̀ láti ìgbà èwe parí síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́lé rí, ẹ̀yin tí dẹ́kìn yín ti tẹ̀ rí tí ẹ sì ń gbé lórí rẹ̀ títí dòní, àti ẹ̀yin tí bàbá yín gbà yín gbọ́ ju bí ẹ ṣe gba ara yín gbọ́ lọ, kí ni ẹ rò pé kí n ṣe? Ṣé kí n ní kí wọ́n fọ́ ọ láìmọ̀ bóyá ó lágbára, àbí kí n dúró de ẹ̀rọ tí n kò mọ ìgbà tí wọn yóò tún un ṣe? Tí ó bá sì jẹ́ fífọ́ ni, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ọkùnrin tó jókòó sábẹ́ rẹ̀? Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó wà níbẹ̀. Mo ń gbọ́ síkírúù tó ń jù sínú agolo, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.